Tòmátò Mummy Adémidé

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ilé tí wọ́n ti ń gbin igbó ní Peckham, ẹ lè wá a láti Rye Lane títí dé Lewisham, kí ẹ kan gbogbo ilẹ̀kùn tó wà lọ́nà, àmọ́ ẹ máa fo ti Rosaline. Ẹ máa kí i pàápàá, ẹ máa bá tiyín lọ. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, tó ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó oyìnbó láàárọ̀, tó ń tọ́jú ọkọ tirẹ̀ lọ́sàn-án, tí ọtí ò kan ẹnu ẹ̀ rí. Òun náà ló gbìn ín. Mẹ́rin ló gbìn, sínú ike yọ́gọ́ọ̀tì, lójú fèrèsé yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú u.

Ọkọ rẹ̀ ló fà á. Kóyọ̀dé fi ọdún méjìlélógún wa bọ́ọ̀sì lórí Walworth Road kí àìsàn tí wọ́n ń pè ní MS tó mú un lẹ́sẹ̀. Bó bá dé sí i, iṣan ẹsẹ̀ á le gan-gan, á máa lọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fún aṣọ tútù, ọkùnrin tó tó ọkùnrin á wá máa ké bí ọmọ kékeré. Oògùn tó ń lò kò ràn án tó. Lọ́dún tó kọjá, bàbá Jamaica kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ wọn bu tíì ewé kan fún un mu, Kóyọ̀dé sì sùn. Wákàtí mẹ́fà gbáko! Rosaline jókòó tì í, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ó ń sunkún ayọ̀. Oṣù mélòó kan ló fi mu tíì náà. Nígbà tí bàbá yẹn wá ń kó padà sí ìlú rẹ̀, ó di hóró mẹ́rin sínú bébà, ó fi lé Rosaline lọ́wọ́, ó sì sọ ohun tó jẹ́ gan-an fún un. Rosaline ò dà á nù.

Bí wọ́n bá mú un, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ti bọ́ nìyẹn, ojú á sì tì í dé ẹsẹ̀ pẹpẹ. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ irú igbe yẹn lójoojúmọ́ tó máa káwọ́ gbera?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Yàrá tí ike mẹ́rin yẹn wà, yàrá Adémidé ni, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ní ọdún méje sẹ́yìn, Rosaline fẹ́ fọ jákẹ́ẹ̀tì kan, ló bá rí igbó táṣẹ́rẹ́ nínú ọ̀rá ní àpò rẹ̀, ló bá gbé e lọ bá Kóyọ̀dé. Ọmọ náà ní jákẹ́ẹ̀tì yẹn kì í ṣe tòun, òun yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun nígbà tí òtútù ń mú òun ni, òun ò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kóyọ̀dé ní gbogbo àwọn amugbó ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó lé e jáde, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Rosaline dúró níbẹ̀ bí òpó, kò yanu.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọmọ, wọ́n á ní iṣẹ́ gbé e lọ sí Birmingham. Irọ́ gbuu. Lewisham ló wà, bọ́ọ̀sì kan péré. Ẹ sì mọ tiwa, orúkọ ọmọ la fi ń pe ìyá àti bàbá. Mummy Adémidé, ẹ káàárọ̀ o. Daddy Adémidé ńkọ́, ara wọn ti yá? Lójoojúmọ́, lórí àtẹ̀gùn, ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ọmọ tí wọ́n lé jáde ni wọ́n ń jẹ́. Tó bá di ọjọ́ ìbí rẹ̀, Rosaline á fi àdúrà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù ní ìkọ̀kọ̀. Ohun tí ọmọ máa ń kọ padà ni "Thank you ma," bí ẹni ń dá ìyá oníyàá lóhùn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí igbó. Ní ọjọ́ karùn-ún, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hù. Wọ́n tín-ín-rín, ewé wọn ò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ. Rosaline ò sì lè rí ohun tó tín-ín-rín kó má fún un lóúnjẹ, bó ṣe rí nìyẹn, ẹ bi àwọn arúgbó tó ń tọ́jú. Ló bá pe Alhaji Kàbírù. Ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ ni Alhaji ní Abẹ́òkúta kó tó wá sí London, ó sì gba ilẹ̀ oko kékeré kan lọ́wọ́ káńsù tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata sí. Gbogbo ẹni tí ewé rẹ̀ bá ń ṣàìsàn ní Peckham, ọ̀dọ̀ Alhaji ló ń gbé e lọ.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, tòmátò kan ni mo gbìn. Báwo ni mo ṣe máa fún un ní ajílẹ̀?"

"Tòmátò? Háà, tòmátò a máa jẹun o!" Alhaji ń fi ọkọ́ ro oko bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ẹ ra ajílẹ̀ olómi rẹ̀. Ìdérí kan sínú ìgò omi ńlá, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tó bá ti ń so, ẹ lè sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì."

Alhaji ò bi í pé ọmọ ọjọ́ mélòó ni tòmátò náà. Inú oṣù keje ni wọ́n wà, ta ni tòmátò rẹ̀ ò tíì so nínú oṣù keje? Rosaline náà ò sọ. Ó ra ajílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tí Kóyọ̀dé ké láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sọ ọ́ di àràárọ̀. Ó ń dà á sínú ike, ó ń bẹ wọ́n: "Ẹ jẹun, ẹ tètè dàgbà, ẹ jọ̀ọ́." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jó wọn níná pẹ̀lú ìfẹ́. Kò pẹ́, ṣóńṣó ewé di búráùn bí ibi tí áyọ́ọ̀nù mú, ewé ká kò, mẹ́ta kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá ku ọ̀kan.

Ó tún pe Alhaji, lọ́tẹ̀ yìí ó ń sunkún. Alhaji rò ó pé tòmátò wo lèèyàn ń sunkún báyìí sí. Ó kírun Àsárì tán, ó bu ata sínú ọ̀rá, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Rosaline mú un wọ yàrá. Kò lè wò ó lójú.

Alhaji dúró níwájú fèrèsé. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi sójú. Àgbà ni, ó mọ ohun tí ojú òun ń rí. Láti yàrá kejì, Kóyọ̀dé kérora, ó pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mejì. Alhaji yíjú síbẹ̀, ó sì yíjú padà sí ike.

"Mummy Adémidé," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ọmọ ọjọ́ mélòó ni tòmátò yìí?"

"Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, sà."

"Ẹ gbà mí! Ẹ wá ń fún ọmọ ìkókó níyán?" Ẹ̀rín fẹ́ gbé e, ó gbé e mì. "Ẹ gbọ́. Nǹkan tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, oúnjẹ inú hóró tó ti jáde ṣì wà lára rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tuntun náà ní tiẹ̀ nínú. Omi nìkan, nígbà tí ojú iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ. Ẹ jẹ́ kó yọ ojúlówó ewé, kó tó ìpele mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìgbà yẹn, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa wò ó. Tí ewé bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ebi ló ń pa á. Tí ṣóńṣó rẹ̀ bá jó, ó ní ó tó, ẹ ò gbọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni."

"Mo ti pa wọ́n, Alhaji."

"Ẹ da omi lásán sí èyí tó kù, kó fi ajílẹ̀ ṣàn jáde nísàlẹ̀ ike. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, irú tòmátò yìí, èmi ò gbìn ín rí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn ọmọ ìwòyí ló mọ̀ ọ́n. Ẹ pe Adémidé ní Birmingham yẹn, ẹ bi í." Kò ní èrò burúkú kankan lọ́kàn. Ó gbé ata sórí tábìlì, ó kí Kóyọ̀dé láti ẹnu ọ̀nà, ó ṣàdúrà, ó yíjú sí Rosaline. "Èmi o, tòmátò ni mo rí."

Nígbà tó lọ tán, Rosaline jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. Adémidé! Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bi Alhaji, ẹni kan ṣoṣo tó dá a lójú pé ó mọ̀ ọ́n ni kò bi. Bí èyí tó kù yìí bá kú, kò sí hóró mọ́, kò sí bàbá Jamaica mọ́, igbe yẹn ló kù. Ó gbé fóònù.

"Mummy?" Ohùn ọmọ náà ti le bí ohùn àgbà. "Kí ló dé? Ṣé Daddy ti..."

"Rárá o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ó wá kó gbogbo ọ̀rọ̀ jáde: tíì, hóró, ike mẹ́rin, Alhaji. "Má bínú, ọkọ mi. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ajílẹ̀? Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó?"

"Mummy, I don't know."

"Má fi pamọ́ fún mi. Mi ò ní bá ẹ jà."

"Mummy. Mi ò mọ̀. Mi ò gbìn ín rí, mi ò mu ún rí. That jacket wasn't mine. Mo sọ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún yín." Kò pariwo. Bó bá pariwo ni, ìbá sàn. "Lẹ́yìn ọdún méje lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí, Mummy, ẹ sì ṣì rò pé èmi ni."

Gbogbo ọdún yẹn, Rosaline ti ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ tí kò dẹ́ṣẹ̀. Òun ló tọwọ́ bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì, òun ló gbé e lọ bá bàbá rẹ̀, òun ló dúró bí òpó. Ó ní, "Adémidé, mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ ọ́." Ó sunkún sétí ọmọ rẹ̀ títí.

Adémidé jẹ́ kó sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ẹ sọ fún dókítà pé Daddy sùn nígbà tí wọ́n mu tíì yẹn?"

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fín sẹ́nu, ara ewé yẹn náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Dókítà tó ń wo MS lè kọ ọ́ fún ẹlòmíì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń le. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa fún Daddy, but ask them. Mo ti ka gbogbo ẹ̀."

"O kà á? Ta ló sọ fún ẹ pé MS ló ń ṣe é?"

"Mummy, ta ni kò mọ̀ ní Peckham? Bàbá mi ṣì ni wọ́n."

Rosaline pa fóònù, ó wọ yàrá ọkọ rẹ̀. Kóyọ̀dé ti la ojú sílẹ̀, ògiri fíláàtì náà ò nípọn.

"Ó ní kì í ṣe tòun," Rosaline sọ.

"Mo gbọ́."

"Tíì yẹn..."

"Rosaline, ọdún méjìlélógún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì tí àwọn amugbó ń wọ̀. Ṣé o rò pé mi ò mọ òórùn ohun tí mò ń mu ni?" Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Mo lé ọmọ mi jáde nítorí ẹ̀, èmi náà wá ń mu ún, mo sì ń sùn. Sọ fún un kó wá."

Ní Thursday, Rosaline sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Kóyọ̀dé. Nọ́ọ̀sì ò jágbe mọ́ ọn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun á kọ̀wé sí dókítà àgbà, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí. Nígbà tó fi di Friday, èyí tó kù nínú ike ti gbẹ. Rosaline gbé e dànù, kò sunkún ẹ̀.

Ní ọ̀sán Saturday, Adémidé kan ilẹ̀kùn. Ó ti sanra díẹ̀, ó ti ní irùngbọ̀n. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, ó fà á lọ́wọ́ kó wọlé. Kò wọlé.

"Daddy ní mi ò gbọdọ̀ tẹ inú ilé àwọn mọ́."

"Èmi ní kó o wọlé! Wọlé jàre."

"Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Mummy." Kò gbéra ga, ó kàn dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn.

Rosaline sáré lọ fa kẹ̀kẹ́ arọ. Kóyọ̀dé ní kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irin tó fi ń rìn ló gbá mú, ó dìde. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ẹnu ọ̀nà ìta, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ọmọ ọdún méjì á sá a láìkọsẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan, á dúró, á mí. Ní ìkẹrin, ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í le. Rosaline na ọwọ́, Kóyọ̀dé ní kó má fọwọ́ kan òun. Ní ìkẹjọ, òógùn ti rin ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Adémidé ń wò ó, àmọ́ kò kúrò níbi tó wà.

Kóyọ̀dé dé iwájú ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, àwọn bàbá wa kì í sábà sọ irú ohun tó sọ yìí.

"Adémidé, òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí, ọmọ mi, wọ..."

Ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́. Adémidé ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ti wọlé, ó ti gbá bàbá rẹ̀ mú lábẹ́ apá méjèèjì, ó ní, "Ẹ fara tì mí, Daddy. Mo ti mú yín."