Ọjọ́ Tí Ferdinand Padà sí Sent Alban

Gbogbo òbí tó wá wo ilé-ìwé Sent Alban ló jókòó nínú gbọ̀ngàn, àfi Ferdinand Glapion. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó káwọ́ lé àyà. Wọ́n gbé abọ́ ìrẹsì jambalaya kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí. Ebi ń pa á, ṣùgbọ́n kò ní í jẹ oúnjẹ àwọn èèyàn yìí.

"Glapion, wá jókòó," ni Verna wí láìgbójú sókè. Ilé ẹjọ́ ti tú ìgbéyàwó wọn ká tipẹ́, síbẹ̀ ohùn yẹn ò tíì kúrò létí rẹ̀. "Àwọn èèyàn ń wò ọ́."

"Kí wọ́n máa wò. Ṣebí ibí yìí náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ wò mí."

Noelie, ọmọbìnrin wọn tí wọ́n ń wá ilé-ìwé gíríámà fún, fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ó mọ ìtàn náà. Gbogbo ẹni tó bá ti bá bàbá rẹ̀ mu bíà rí ló mọ̀ ọ́n: nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí Sent Alban ṣì jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, Brọ́dà Leander, ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń kọ́ wọn, pè é síwájú kíláàsì, ó sì fi sísọ́ọ̀sì gé irun tí ìyá rẹ̀ dì fún un. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ferdinand gbé àpò rẹ̀, ó jáde, kò sì padà sí ilé-ìwé kankan mọ́. Di òní olónìí, bó bá ń lọ síbi tó ti ń rẹ́ ògiri, òpópó mìíràn ló máa ń gbà kó má baà rí ẹnu ọ̀nà wọn.

Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ níwájú béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.

"N ò ní ìbéèrè," ni Ferdinand wí. "Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ tèmi ò ní jókòó síbí."

Verna dìde, ó gbé báàgì rẹ̀. "Ó dáa. Ká máa lọ sí Rosette."

Ó ya Ferdinand lẹ́nu pé Verna gbà kíákíá bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ti ń to àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ṣátà ni Rosette, bí ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ìwé ìjọba New Orleans láti ìgbà tí ìkún omi ti gba ìlú náà: kò gbowó, ẹgbẹ́ tó dá a sílẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Kò sì jìnnà sí ilé Ferdinand. Noelie lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ìyẹn ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ afọnfèrè wọn ló máa ń fi ṣàlàyé ìdí tó fi fẹ́ ibẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ fèrè yẹn?" ló bi ọmọ rẹ̀ nínú àgbàlá Rosette. "Ikun nìkan ni wọ́n ń fọn ní Sent Alban."

Nídìí tábìlì, ọ̀dọ́bìnrin kan béèrè bébà owó iná mànàmáná tó fi ibi tí ọmọ ń gbé hàn. "Ará ìlú nìkan là ń gbà, ẹ̀yin náà mọ̀."

Verna gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ìlú Slidell ló wà lára rẹ̀.

"Kí ni Slidell wá ṣe níbẹ̀?" ni Ferdinand bi í.

"Mo sọ fún ọ pé mò ń wá ilé."

"Ilé lo wí! O ò sọ pé ó kọjá adágún!"

"Ibẹ̀ ni mo ti rí i."

Ferdinand yára fa tirẹ̀ yọ lápò. "Ẹ lo tèmi. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé."

Ọ̀dọ́bìnrin náà yíjú sí Noelie. "Ibo lo máa ń sùn láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè?"

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti parọ́ nídìí tábìlì yẹn. Ferdinand tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀.

"Lọ́dọ̀ Mọ́mì," ni Noelie wí jẹ́jẹ́. "Dádì, ẹ má bínú."

Níta, Verna jẹ́ kí ọmọ wọnú ọkọ̀, ó wá ti ilẹ̀kùn. "Ilé-ìwé wà ní Slidell. Ibẹ̀ ló máa lọ nìyẹn."

"Kí ló dé tó o fi wá mú wa lọ sí Sent Alban?"

"Torí wọn ò bìkítà ibi téèyàn ń sùn. Ìyá mi ti ní òun á san owó rẹ̀. Ojoojúmọ́ lọmọ ì bá máa sọdá afárá wá, ọ̀dọ̀ rẹ ni ì bá sì máa dúró títí n ó fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Glapion, ta lo rò pé mò ń ṣe é fún?" Ó wọ ọkọ̀. "Ìwọ fúnra rẹ lo ní kò ní jókòó síbẹ̀."

Wọ́n lọ. Noelie juwọ́ sí i láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ferdinand wọ ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.

Gbogbo èèyàn ti lọ nígbà tó dé Sent Alban. Bàbá arúgbó kan ń kó abọ́ jọ. Ó ti súnkì, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n Brọ́dà Leander ni. Ọgbọ̀n ọdún ni Ferdinand ti ń to ọ̀rọ̀ pamọ́ dè é.

"Ẹ káàsán, Brọ́dà."

"Káàsán, ọmọ mi. O pẹ́ dé, àmọ́ oúnjẹ ṣì kù." Ó wá béèrè ohun tí gbogbo ará New Orleans máa ń bi àlejò, ilé-ìwé gíríámà ni wọ́n sì máa ń ní lọ́kàn: "Ilé-ìwé wo lo lọ?"

"Ibí ni."

"Ìwọ náà! Káàbọ̀ sílé!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kí lorúkọ rẹ?"

"Ferdinand Glapion."

Arúgbó náà wo ojú rẹ̀, ó wo orí rẹ̀ tó ti ń funfun, ó ń wá a kiri. Ayọ̀ nìkan ló wà lójú rẹ̀.

"Glapion... Ṣé mo kọ́ ọ?"

"Ẹ kọ́ mi, sà."

"Ó dára, ó dára! Kí ni mo lè ṣe fún ọ?"

"Ọmọbìnrin mi ni. Mo fẹ́ kó wá ṣèdánwò àtiwọ ibí, bí kò bá tíì pẹ́ jù."

"Kò tíì pẹ́. Jẹ́ kí n wá bírò."

Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ferdinand dúró láàárín àwọn àga òfìfo. Ọgbọ̀n ọdún ló fi rò pé àwọn méjì ni wọ́n jọ ń ja ìjà náà.