Ẹ Mú Ẹnì Kan Dání

Bàbá Ṣóyéyín ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, torí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta nínú kíláàsì kó má béèrè pé, "Ṣó yé yín?" Wọ́n á ní ó yé àwọn, bó yé wọn, bí kò yé wọn. Ó mọ̀ pé orúkọ òun nìyẹn, kò sì bínú. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ti bá ọkọ lọ sókè òkun, inú rẹ̀ tilẹ̀ máa ń dùn pé ẹnì kan ṣì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ ojú ti fẹ́ dójú tì í. Awọ funfun kan ń bo ẹyin ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti ń fi ohun tó há sórí kọ́ni báyìí, tó ń gbé ìwé sókè bí ẹni ń kà á. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá nawọ́, kò rí i. Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé Bàbá ti ń gbéra ga, kì í dáhùn ìbéèrè mọ́. Èyí dùn ún ju ojú náà lọ.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Tó bá dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán ni á padà sílé. Inú rẹ̀ ń dùn lọ títí nọ́ọ̀sì fi béèrè pé, "Bàbá, ta ló máa mú yín délé?"

"Èmi fúnra mi ni. Màá wọ takisí."

"Kò ṣeé ṣe o. A máa di ojú kan, èkejì náà ò sì ríran. Ẹ mú ẹnì kan dání, kó jókòó síbí títí a ó fi ṣe tán. Tá ò bá rí ẹni yẹn, a ò ní í fọwọ́ kàn yín, ó sì di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún kàn yín."

"Téèyàn ò bá wá ní ẹnì kan ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ mà lè ṣàwàdà o! Odindi ọ̀jọ̀gbọ́n? Ẹ ṣáà mú èyí tó bá wù yín nínú wọn."

Òun náà bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ wò ó, ọkùnrin tí kì í fẹ́ kí nǹkan kan rú ẹnikẹ́ni lójú nínú kíláàsì yìí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ tara ẹni kó yéni. Ó pàdé ọ̀dọ́ olùkọ́ kan lórí àtẹ̀gùn, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níwèé, tó sì ní mọ́tò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Sà. Ara yín ńkọ́?"

"Ara ò fi bẹ́ẹ̀ le. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ lójú mi lọ́jọ́bọ̀."

"Ha! Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀ o, Sà."

"Àmín."

"Ọwọ́ dókítà ò ní í gbọ̀n."

"Àmín o."

Ẹni téèyàn bá ti ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀ báyẹn, ẹnu wo lèèyàn tún fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Ọmọkùnrin náà sáré sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Akọ̀wé ẹ̀ka wọn gbàdúrà tó gùn jùyẹn lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tilẹ̀ ṣí fìlà kó tó bẹ̀rẹ̀. Àdúrà wọn dáa, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi gbà á, àmọ́ àmín kì í wakọ̀, kì í sì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì de aláìsàn.

Ọmọ rẹ̀ pè. "Dádì, ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Dáadáa ni. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Bó bá sọ fún un, ẹkún ni á bẹ̀rẹ̀ sí í sun lọ́hùn-ún, kò sì sí ohun tí ẹkún òkè òkun lè ṣe síbí.

Lọ́jọ́rú, ó dúró níwájú bébà gbàgàdà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́bàá ọ́fíìsì rẹ̀. Òun ni alága Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà ní yunifásítì náà. Òun ló ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan ògiri: ẸNI TÓ BÁ DÁKẸ́, TARA RẸ̀ Á BÁ A DÁKẸ́. MÁ DÁ A GBÉ. PÈ WÁ. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, nọ́ńbà fóònù orí tábìlì tirẹ̀ ni. Látọjọ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ẹnì kankan ò pè, òun náà sì ti jábọ̀ fún àwọn aláṣẹ pé àlàáfíà jọba nínú ọgbà. Ó wọlé, ó jókòó. Àárò ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ gan-an.

Ó na ọwọ́ sí ife tíì, kò bá a, ó gbá a dànù. Ife fọ́ yángá.

"Pẹ̀lẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ṣé kò sí?"

Màmá Ìṣirò nìyẹn, olùkọ́ ìṣirò tó wà lódìkejì ògiri. Pákó lásán ni ògiri ọ̀hún. Bí ìyá náà bá húkọ́, Bàbá á ní pẹ̀lẹ́. Bí nǹkan bá já bọ́ lọ́wọ́ Bàbá, ìyá á ní ṣé kò sí, Bàbá á ní kò sí o. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ò sì jókòó rí nínú yàrá èkejì.

Bàbá la ẹnu láti sọ pé kò sí.

"Ó wà o," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àga dún lódìkejì ògiri. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn dún, bàtà ń ta pápápá bọ̀, Màmá Ìṣirò sì yọjú.

"Kí ló wà?"

"Ojú mi ni. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe é. Wọ́n ní kí n mú ẹnì kan dání. Mi ò ní ẹnì kan."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù ife. Ó ṣà á pẹ́.

"Ta lẹ rò pé ó mú èmi náà lọ?"

"Lọ síbo?"

"Ojú tèmi ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, ilé ìwòsàn kan náà. Onítakisí ni mo bẹ̀ pé kó pe ara ẹ̀ ní àbúrò mi. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ mi lọ́wọ́ ẹ̀, ojú ẹ̀ pọ́n kankan. Ó ní 'Sìsítà' làwọn ń pè mí nílé."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Bàbá ló kọ́kọ́ tán, torí ó rántí dígí dúdú tí ìyá náà lò lọ́sẹ̀ yẹn, àti bí òun ṣe pàdé rẹ̀ ní kọ́rídọ̀ tí òun kígbe pé, "Ẹ kú fáàrí o, Màmá Ìṣirò!"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Pákó yìí náà ló wà láàárín wa."

"Ẹ bi mí látẹ̀yìn pákó pé ṣé kò sí. Mo ní kò sí."

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Adìẹ méjì ló ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn látọjọ́ yìí. Ojú ti Bàbá, kò sì fi pa mọ́. "Ẹ má bínú sí mi," ló wí.

"Aago mélòó ni wọ́n ní kẹ́ ẹ dé?"

"Méje àárọ̀."

"Màá wá gbé yín." Ó da àfọ́kù sínú agolo ìdọ̀tí, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó wo orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn. "Àmọ́ wọ́n máa bi mí, mi ò sì fẹ́ ṣe bíi ti onítakisí mi. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbí ṣáájú orúkọ bàbá yín. Kí ni ìyókù ẹ̀?"

Bàbá sọ ọ́ fún un, orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é.

Màmá Ìṣirò pè é wò lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, kó má baà ṣì í pè lọ́la.

Ìyàwó Bàbá ló pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ tún un pè."