Ìwé Ìbéèrè Tí Bàbá Lukman Bá Wọn Kọ

Àǹtí Veronica, olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe, ló ránṣẹ́ pè wá sí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Zawan. Èmi lọ nítorí Màrdíyyàh, ọmọ mi. Bàbá Lukman, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ti ṣaláìsí, lọ nítorí Lukman, ọmọ tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ti fún wọn ní ìwé ìbéèrè mú lọ sílé: bí ìṣòro bá dé, kí lo máa ń ṣe sí i? Irú iṣẹ́ wo lo fẹ́ràn? Ìdáhùn wọn ni wọ́n fẹ́ fi pín wọn sí kíláàsì.

“Lukman, sáyẹ́ǹsì,” ni Àǹtí wí. “Màrdíyyàh, òwò.”

Ọmọ mi bú sẹ́kún. Láti kékeré ló ti ń sọ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ lòun máa ṣe.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé náà. Lórí ti Màrdíyyàh: “Bí nǹkan bá bàjẹ́, mo máa ń gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, màá sì ná iye tó bá pè títí tó fi máa wálẹ̀.” Lórí ti Lukman: “Mo máa ń tú u wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ilé wa ṣe.”

Màrdíyyàh ló tún ẹ̀rọ yẹn ṣe! Gbogbo ilé ló rí i lẹ́bàá kànga, tí epo dúdú yí i lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Lukman kàn lọ ná bẹ́líìtì tuntun ẹ̀rọ náà lọ́jà ni. Ọwọ́ kan náà ló sì kọ ìwé méjèèjì.

“Bàbá Lukman, ta ló kọ eléyìí?”

“Èmi ni. Ìwé pàtàkì bí irú èyí, olórí ilé ló ń dáhùn ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílé wa.”

“Ẹ wá bọ́ ìwà ọmọ mi lọ́rùn ẹ̀, ẹ fi wọ ọmọ yín?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Haba, Ìyá Màrdíyyàh! Ta ló máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù bàtà wa ní Tina Junction? Ọkùnrin ni kó di ẹnjiníà.”

Ẹ̀rín yẹn rí lára mi bí ìgbà tí èèyàn mu omi tán, tó wá rí aáyán nísàlẹ̀ ife. Ọkùnrin yìí ni mo ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀.

“Bàbá, wallahi, èmi ò fẹ́ sáyẹ́ǹsì,” ni Lukman wí. “Ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ni mo fẹ́. Ẹni tó bá wá ra bàtà ara ẹ̀, màá ta ti ìyàwó ẹ̀ mọ́ ọn.”

“Kai! Pa ẹnu ẹ dé, ọ̀dẹ̀!”

Àǹtí kò bá a jiyàn. Ó fún àwọn ọmọ ní ìwé tuntun, ó ní kí wọ́n dáhùn fúnra wọn níṣojú òun. Nígbà tí wọ́n parí, ó ku kí òbí fọwọ́ sí i.

“Mi ò fọwọ́ sí ìkankan,” ni Bàbá Lukman wí.

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, òun ló ń fọwọ́ sí gbogbo ìwé Màrdíyyàh. Mo fa ti ọmọ mi sọ́dọ̀, mo kọ orúkọ mi síbẹ̀: Ọláṣùmbọ̀. Àǹtí kọ sáyẹ́ǹsì sí i.

“Màámi, ẹ bá mi fọwọ́ sí tèmi náà,” ni Lukman wí, ó na ìwé rẹ̀ sí mi.

“Bàbá ẹ wà láàyè, ọmọ mi. Mi ò lè ṣe é.”

Bàbá Lukman ká ìwé ọmọ rẹ̀ sínú àpò. Ó ní ká jáde wá, kí òun fi mọ́tò gbé wa délé. Mo ní kó máa lọ. Èmi àti Màrdíyyàh dúró de kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn, nítorí mi ò lè jókòó tì í.