Ẹsẹ̀ Merlinda Tí N Kò Wọ́

Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí mo ti ń ṣe hilot, tí mò ń fọwọ́ wọ́ ara ríro fún àwọn ará abúlé wa. Kò sí ẹni tó wá rí tí mo ní kó máa lọ. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́, mi ò sì ní purọ́, mo máa ń fi yangàn.

Nítorí náà, ọkàn Nestor balẹ̀ nígbà tó gbé Merlinda ìyàwó rẹ̀, ọmọ àbúrò mi, wá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Nestor pè mí ní Tiya, ìyẹn àǹtí, ó sì mú ọwọ́ mi kan iwájú orí rẹ̀, bí a ṣe ń kí àgbà. Láti ọdún tó kọjá ni àìsàn ìléròrò ti ń bá Merlinda fínra, èyí tí àwọn dókítà ní ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nìkan ló wú.

Mo fi òróró àgbọn pa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì fà á lórí ẹsẹ̀ náà. Ibi tí ewé bá lẹ̀ mọ́ ni òtútù tó ń fa ìrora wà, ibẹ̀ la sì máa ń wọ́. Ewé lẹ̀ pinpin mọ́ ẹ̀yìn ojúgun.

"Tiya, ewé ti fọhùn," ni Nestor wí. "Ẹ bá wa wọ́ ọ."

Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó gbóná janjan. Òtútù wo ló ń gbóná?

Ìyá mi, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, wọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹyọ kan tó wú tó sì gbóná. Ọkùnrin náà dìde, ó dúpẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ó sì kú sẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀rù bà mí. Mo nu òróró ọwọ́ mi nù.

"Mi ò wọ́ ọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù."

"Tiya, ọ̀nà jìn. Ẹ kàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

"Ẹni tó bá tẹ ẹsẹ̀ yìí, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà."

Nestor yínmú. "Ẹ kúkú sọ pé ọwọ́ yín ti kú. Hilot etí odò ò ní lé wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Tó bá jẹ́ orúkọ mi ni mo fẹ́ gbà là, kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọ́ ọ ti tó. Ṣùgbọ́n Merlinda wò mí lójú.

"Tiya, ṣé mo máa kú ni?"

"O ò ní kú, tí ọkọ ẹ bá lè gbọ́ràn."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí. Nestor fìbínú wà á títí a fi dé ọsibítù.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ náà, pé àìsàn ìléròrò yẹn máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dì sí i. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Nestor.

"Ẹ ti gbé e lọ fún hilot kó wọ́ ọ, àbí? Ẹ kì í gbọ́. Tí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá já, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ."

"Wọn ò wọ́ ọ," ni Merlinda dáhùn. "Hilot wa kọ̀."

"Hilot wo ló ń kọ ẹsẹ̀?"

Merlinda nawọ́ sí mi.

Dókítà dìde wá síbi tí mo jókòó sí. Ó mú ọwọ́ mi tó ṣì ń ta sánsán òróró àgbọn, ó fi kan iwájú orí rẹ̀. Inú mi dùn débi tí omi bọ́ lójú mi.

Nestor ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Mo jẹ́ kó dúró díẹ̀ ná, kí n tó na ọwọ́ sí i.