Orúkọ Mi Lórí Ìwé Ilé

Bíríkìlà ni mí. Ilé tí mò ń gbé, ọwọ́ mi yìí ni mo fi mọ ọ́n láti ìpìlẹ̀ dókè. Owó òrùlé ló wọ́n mi, ni mo bá lọ yáwó ní báńkì, wọ́n sì ní kí ọmọ mi bá mi tọwọ́ bọ̀wé torí òun ló ń gba owó oṣù. Mo yangàn nígbà yẹn! Láti ìgbà tí orúnkún mi ti kọ iṣẹ́, òun ló ń san gbèsè náà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Àmọ́ báńkì yẹn ò níwà. Èlé tó bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ti di méjìdínlógún. Ni ọmọ mi bá ń wá báńkì mìíràn kiri bí ẹni ń wá ìyàwó, èyí tó máa bá wa san gbèsè náà tán, tí èlé tirẹ̀ ò sì ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun àtìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń tẹ fóònù.

"Àwọn yìí ní mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n owó lọ́yà wọn ti pọ̀ jù."

"Àwọn tọ̀hún ní mẹ́tàlá, kò sì ní yí padà fún ọdún márùn-ún."

Mo ní kí wọ́n béèrè iye tí báńkì àkọ́kọ́ máa gbà kó tó tú wa sílẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo Bàbá, wọ́n ti di akáńtáǹtì!" Ó dùn mọ́ mi nínú.

Àwọn oní-mẹ́tàlá la lọ bá. Obìnrin tó dá wa lóhùn mọ̀wà, ó fún mi lága. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ mi, ó ní ogún ọdún ni ẹ̀yáwó náà, àwọn kì í sì í kọ ọ́ fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin. Orúkọ Bàbá gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìwé ilé, kó di ti ọmọ nìkan.

"Kó kúrò lọ síbo?" mo bi í.

Ọmọ mi ló dáhùn. "Bàbá, ìwé lásán ni."

"Bó bá jẹ́ lásán, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ogún ọdún ni wọ́n ń wí. Ṣé ẹ̀yin náà rò pé ẹ máa wà níbẹ̀ ni?"

Hà! Inú bí mi. Mo ní mi ò tọwọ́ bọ nǹkan kan, kó gbé mẹ́tàlá rẹ̀ jù sódò.

Kò tiẹ̀ pariwo. "Ó dáa. Láti oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ máa dá méjìdínlógún yín san."

Kí ni mo fẹ́ fi san án? Báńkì á gba ilé, gbogbo wa á sì wà níta. Mo gba kámú, mo mú bírò.

Ìwé kan tún ṣẹ́kù. Àgbàlagbà yòówù tó bá ń gbé inú ilé, tí orúkọ rẹ̀ ò sí lórí ìwé, gbọ́dọ̀ kọ ohun tóun jẹ́ níbẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

"Ayálégbé ni wọ́n, àbí àlejò?" obìnrin náà béèrè.

"Bàbá onílé ni mí," mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ìyẹn níbẹ̀.

Ìyàwó ọmọ mi rọra ní, "Ẹ kúkú kọ ayálégbé."

"Ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ o," obìnrin náà ní. "Ẹ ò lè ṣàdédé ní kó jáde."

"Àlejò ńkọ́?" ọmọ mi bi í.

"Àlejò ò lẹ́tọ̀ọ́ kankan."

"Ẹ kọ àlejò."

Mo wò ó lójú. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá yíjú wò ó. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, obìnrin náà sì kí wa kú oríire.

Nígbà tí a délé, ọmọ mi ṣílẹ̀kùn, mo sì dúró síta.

"Bàbá, ẹ wọlé. Kí lẹ ń dúró ṣe?"

"Mò ń dúró kí onílé kọ́kọ́ wọlé ni."

Mo rò pé ojú máa tì í. Ó gba iwájú mi kọjá, ó wọlé.