Ọ̀rọ̀ Inú Àpótí Ẹ̀bẹ̀

Débọ́lá ka ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ní kó sun.

Ìjọ wọn wà ní Ìkòsí. Àpótí onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn náà. Ẹni tí ọ̀ràn bá wúwo lọ́kàn rẹ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé, á ká a, á sì jù ú sínú àpótí. Ní ọjọ́ Ẹtì tó bá kẹ́yìn oṣù, ìjọ á gbàdúrà lé àpótí náà lórí, wọn á sì kó ìwé inú rẹ̀ lọ sun ní kíká bó ṣe wà. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í kà á, òtítọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń kọ síbẹ̀. Débọ́lá ni wọ́n fi sísun náà lé lọ́wọ́. Ó ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́ta láìsí àṣìṣe.

Iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni àbójútó sáíbà kafé kan ní Kétu. Ní ọdún 2008, ó dá ìkànnì tirẹ̀ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìfi orúkọ rẹ̀ sí i, ó sì gba ìpolówó sórí rẹ̀. Bí òǹkàwé bá tẹ ìpolówó kan, owó díẹ̀ á wọlé fún un. Ó kọ́kọ́ kọ nípa bọ́ọ̀lù. Kò rí nǹkan kan gbà. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò dọ́gba lówó. Àwọn tó ń polówó máa ń san díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì máa ń san púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àìsàn àti àìrọ́mọbí. Ó wá ń yẹ ọ̀rọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: èló ni wọ́n ń san lé e lórí, ẹni mélòó ló ń wá a lóṣù, ìkànnì mélòó ló ti kọ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà ń lò ti wà lọ́wọ́ àwọn tó lágbára jù ú lọ. Ohun tó kù fún un ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ìyà ń jẹ yóò tẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Débọ́lá rántí àpótí náà.

Ní oṣù kẹwàá, ó kó ìwé mọ́kànlélógójì lọ sílé, ó kà wọ́n, ó sì sun wọ́n lẹ́yìn náà. Kò sí orúkọ lára wọn. Ọ̀kan kà báyìí:

“Wọ́n yọ ilé ọmọ mi ní Gbàgádà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọkọ mi rò pé kókó inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ. Lọ́dọọdún ló ń ra fìlà ọmọ tuntun kan sínú àpótí aṣọ. Ó ti di mẹ́jọ. Olúwa, n kò mọ bí n ó ṣe sọ fún un.”

Débọ́lá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ṣe lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Èkó, ó sì kọ ìmọ̀ràn sábẹ́ rẹ̀. Ó ronú láti yọ gbólóhùn fìlà kúrò. Ó fi í sílẹ̀, nítorí pé òun ni yóò mú kí ènìyàn kà á dé ìsàlẹ̀, níbi tí ìpolówó wà. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní, ojú ìwé yẹn nìkan ń pa owó wọlé ju gbogbo ìyókù lọ.

Ní oṣù kejì, Richard wọ kafé náà wá. Táyà ló ń tà ní Kétu. Damaris ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìjọ wọn.

“Kọ̀ǹpútà!” Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn. “O ò tíì gbéyàwó? Àbí inú ẹ̀rọ yìí ló máa ti jáde sí ọ?”

“Ẹ káàsán, Bùrọ́dà Richard. Ẹ jókòó, sà.”

Kò jókòó. Ó tẹ́ ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà sórí tábìlì. Débọ́lá ti mọ̀ ọ́n kó tó kà á.

“Dókítà ni mò ń wá fún Damaris. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Mende bá mi tẹ̀ ẹ́ wò. Eléyìí ló jáde. Fìlà mẹ́jọ! Ta ló mọ iye fìlà tó wà nínú àpótí aṣọ mi, bí kò ṣe èmi àti ìyàwó mi?”

Richard na ìka sí ìwé náà.

“Mo bi í. Ó kúnlẹ̀, ó ní lóòótọ́ ni. Ìyẹn, mo lè gbé e mì. Ẹ̀rù ló bà á. Mo wá ní, ta lo sọ fún? Ó ní Ọlọ́run nìkan. Ṣé Ọlọ́run ló wá gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Mo ti ní kó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àbúrò, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Bá mi wá ẹni tó kọ ọ́. Bí mo bá mọ̀ pé kò purọ́ lórí èyí, mo máa lọ mú un wálé.”

“Ó ṣòro láti mọ̀, sà. Ó lè jẹ́ ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà.”

“Amẹ́ríkà!” Richard ká ìwé rẹ̀. “Ó dáa. O ṣé.”

Kí Richard tó dé títì ni Débọ́lá ti pa ojú ìwé náà rẹ́. Ìyẹn kò ṣe Damaris láǹfààní kankan.

Ọ̀sẹ̀ méje ló fi dákẹ́. Ó ń lọ sí ìjọ. Ẹlòmíràn ló ń kọ́ àwọn ọmọdé. Richard ń kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: “Kọ̀ǹpútà, àwọn ará Amẹ́ríkà ẹ ńkọ́?” Àwọn tó wà nítòsí á rẹ́rìn-ín. Ojú a máa tì í débi pé kò lè gbé orí sókè títí ìsìn á fi parí. Ó sì mọ̀ pé ìtìjú náà kò sọ òun di olóòótọ́, níwọ̀n ìgbà tí òun kò tíì sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹrin, ó lọ bá Richard nídìí táyà, ó sì sọ ọ́ lórí ìdúró.

“Lọ́jọ́ tí mo wá,” ni Richard wí, “o ti mọ̀ pé ìwọ ni?”

“Mo mọ̀, sà.”

Richard kò nà án. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó lọ wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ní Máìlì Méjìlá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló dá nìkan padà. Damaris ní ìgbà tí òun kúnlẹ̀ ló yẹ kí ọkọ òun ti gba òun gbọ́, kì í ṣe ìgbà tí Débọ́lá tó sọ̀rọ̀.

Débọ́lá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Pásítọ̀ Ọláìyá gba kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún, wọ́n gbé àpótí náà síwájú ìjọ, wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí. Nígbà tí pásítọ̀ ṣí i láti kó ìwé lọ sun, kò bá ẹyọ kan nínú rẹ̀.