Òdòdó Níwájú Ilé Bàbá

Ọmọ Tógò ni Kòmlá. Ọdún kẹta rèé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà nílé ẹ̀kọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òkè, pápá àti ilé ló máa ń yà. Kì í ya èèyàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ olóríkunkun ni.

Màmá Bámgbóṣé, tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ní kó ya ilé bàbá òun ní Ọ̀yọ́. Bí àwòrán náà bá wu òun, òun á kọ lẹ́tà tí yóò fi gba ìwé ìgbélùú. Láìsí lẹ́tà yẹn, oṣù tó ń bọ̀ ni Kòmlá ń padà sí Tógò.

Ó lọ wo ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ti ìlẹ̀kùn mọ́rí yà á. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Lọ́jọ́ Sátidé, mo sìn ín lọ sí Ọ̀yọ́. Iwájú ilé náà gan-an ló ti ṣí aṣọ lórí àwòrán.

"Kòmlá, sàréè dà?"

"Sàréè wo?"

Mo nawọ́ sí pèpéle sìmẹ́ńtì tí wọ́n sá èlùbọ́ sí. Nínú àwòrán, òdòdó pupa ló yà sí ojú ibẹ̀.

"Mo rò pé ibi tí wọ́n ń sá nǹkan sí ni. Kò jẹ́ kí ilé hàn dáadáa, mo bá yọ ọ́."

"Bàbá Màmá ló wà níbẹ̀! O lé bàbá oníbàbá kúrò nílé ara rẹ̀!" Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Ṣé kò lẹ́nu tó lè fi béèrè ni?

Ariwo mi ló mú Màmá jáde. Mo kúnlẹ̀, Kòmlá dọ̀bálẹ̀. Màmá fọwọ́ ti èlùbọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n jókòó sórí sàréè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n wo àwòrán títí.

"Òdòdó yìí dára. Bàbá mi ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Mà," mo ní, "àlejò ni."

"Ṣé ìwọ ni mo bi?"

Kòmlá gbórí sókè. "Mi ò mọ̀ ni, Mà. Nílé wa, a kì í sin òkú síwájú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde."

Ó ṣí àpótí ọ̀dà rẹ̀. Ó yà á fún wákàtí méjì. Sàréè jáde, èlùbọ́ jáde, Màmá náà jáde lórí rẹ̀. Èèyàn àkọ́kọ́ tí mo rí kó yà nìyẹn.

Màmá wò ó. "O jẹ́ kí n sanra jù." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Ṣé o fi ààyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá? Ibẹ̀ lèmi náà ń bọ̀."

"Ẹ máa pẹ́ fún wa, Mà."

"Àmín. Ṣùbòmí, bá mi mú bírò wá, kí n kọ lẹ́tà ọkùnrin yìí."

Ara tù mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó ti Màmá lórí sàréè, láàárín èlùbọ́, tí mo bú sẹ́kún.